Òfin Omi Ẹ̀gbin Ọ̀gá Ládòkun

Bí ẹ bá ń ti Tẹ̀dé lọ sí Irawo, ẹ ó rí òkè kan lọ́wọ́ ọ̀tún tí ilé kún láti orí rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkè-Ààyán nìyẹn. Ẹ má wá a nínú ìwé àwòrán ilẹ̀, ẹ ò ní rí i. Àwọn ará ibẹ̀ ò kúkú mọ̀ pé àwọn ò sí nínú àwòrán, wọ́n ń kọ ebè iṣu wọn, wọ́n ń kírun wọn, wọ́n sì ń san owó orí.

Ibẹ̀ ni ìjọba rán Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun Àpọ́nlé lọ ní kété lẹ́yìn ọdún Údójì, nígbà tí owó pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba tí kò sì mọ ibi tí yóò kó o sí. Wọ́n ní kó lọ ṣe ọ̀gá àwọn wolé-wolé. Ọ̀gá Ládòkun ga, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, inú ikùn náà sì ni ohùn rẹ̀ ti ń wá. Ó ti lo oṣù mélòó kan nílùú òyìnbó rí, níbi tí wọ́n ti mú un wọ inú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ kan tí ènìyàn lè nàró nínú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tí wọ́n pè é sí tí kò ti sọ̀rọ̀ gọ́tà náà. Níbi ìkómọ kan, ó sọ ọ́ títí ọmọ náà fi sùn, tó jí, tó tún sùn, kí wọ́n tó ráyè pe orúkọ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé. Wọ́n fẹ́ yan ọ̀gá àgbà fún gbogbo wolé-wolé ní Ìbàdàn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà fún ẹni náà, ọkọ̀ wà, dírẹ́bà wà tí yóò máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ọ̀gá Ládòkun fẹ́ ipò yìí débi pé bó bá wa ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ dé ẹnu ọ́fíìsì, á jókòó sínú rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi wá ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará ìlú rò pé ilẹ̀kùn náà ló bàjẹ́. Wọ́n máa ń bá a kẹ́dùn.

Ó wá rò ó pé bí òun bá gbẹ́ gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ sí Òkè-Ààyán, tí Kọmíṣọ́nnà bá ti Ìbàdàn wá ṣí i, kò sẹ́ni tó máa bá òun du ipò náà. Ìjọba fún un ní páìpù àti sìmẹ́ńtì. Wọ́n ri páìpù náà mọ́lẹ̀ láti ìdí ọjà lókè, ó gba abẹ́ ìlú kọjá, ó sì yọ sí etí odò nísàlẹ̀. Ilé Ọ̀gá Ládòkun, ilé tuntun tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nítòsí odò, ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn. Lẹ́yìn ilé náà, wọn ò so ilé kankan mọ́ ọn mọ́, nítorí páìpù ti tán. Ọ̀gá Ládòkun ní kí wọ́n gbẹ́ balùwẹ̀ òun wọlẹ̀ gan-an, kó ní àtẹ̀gùn, kí òun lè máa sọ̀ kalẹ̀ lọ wẹ̀.

"Gọ́tà kò lè dúró láìsí òfin," ló sọ fún Mọ́nsúrù akọ̀wé rẹ̀. "Òfin pàápàá kò sì lè dúró láìsí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu yín yẹn, sà," Mọ́nsúrù dá a lóhùn, "ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta."

Mọ́nsúrù yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń kọ̀wé, orí rẹ̀ ló fi ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi ò sì mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú méjèèjì.

Ọ̀gá Ládòkun bẹ̀rẹ̀ òfin rẹ̀ láti orí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ náà dùn mọ́ ọn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ pé Gọ́tà Àgbà ni èyí tí gọ́tà mìíràn ń ṣàn wá bá, Gọ́tà Àbúrò ni èyí tó ti ilé ènìyàn jáde lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé Ilé ni ohunkóhun tó bá ní òrùlé, ìbáà jẹ́ àgọ́, ìbáà jẹ́ abà, ìbáà jẹ́ agboòrùn tí a ṣí. Ó kọ ọ́ pé Aláṣẹ ni Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun Àpọ́nlé, tàbí ẹni tó bá rán níṣẹ́, bí kò bá rẹ̀ ẹ́ láti rán ènìyàn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí omi ọṣẹ tó ń ṣàn jáde ní ilé Yẹ̀kínì alápatà. Yẹ̀kínì ní òun kọ́ lòun dà á, àlejò òun ni, àlejò náà sì ti wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí. Ọ̀rọ̀ náà bí Ọ̀gá Ládòkun nínú. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kọ èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó kọ láyé rẹ̀: "Olùda-omi ni ẹni tí omi ẹ̀gbin bá ti inú ilé rẹ̀ jáde, ìbáà ṣe òun ló dà á, ìbáà ṣe ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọ̀run ló ti wá. A kò ní gbọ́ àwáwí." Kí Kọmíṣọ́nnà má baà rò pé ó ń ṣe ojúsàájú, ó fi kún un pé Olùda-omi tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn pamọ́ síbì kan. A ó padà wá mú un.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Mọ́nsúrù ń ka ìtumọ̀ wọ̀nyí sétígbọ̀ọ́ àwọn ènìyàn. Bó bá ka ọ̀kan tán, dandan ni kí gbogbo ọjà dáhùn pé, "Ó yé wa, Aláṣẹ." Ẹni tí kò bá dáhùn kò ní tajà lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tó fi mọ́ wọn lẹ́nu. Bí ọkọ bá bá ìyàwó rẹ̀ wí nílé, ìyàwó á ní, "Ó yé wa, Aláṣẹ," á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ sún mọ́lé, Ọ̀gá Ládòkun wá ń sáré kiri. Ó ní kí Ògúndìran alágbẹ̀dẹ rọ àwo irin kan tí wọn yóò fi bo ẹnu gọ́tà létí odò, níbi tí Kọmíṣọ́nnà ti máa gé rìbọ́ọ̀nù. Kò gbọdọ̀ ní ihò kankan àfi ihò wẹ́wẹ́ tí yóò to orúkọ Ládòkun Àpọ́nlé, kí omi lè máa gba inú orúkọ náà jáde. Ògúndìran ti mọ̀ ọ́n, kò bèèrè ohunkóhun. Ó rọ ọ́, ó dè é mọ́ ẹnu gọ́tà gírígírí, ó sì lọ sóko rẹ̀.

"Sà," Mọ́nsúrù sọ bó ti rí i, "omi tó bá gba ibí yìí kọjá, omi ọlọ́lá ni."

Ọ̀rọ̀ omi tó sọ yìí ló ta Ọ̀gá Ládòkun jí. Omi wo? Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú, kànga ìlú ti ń mú ẹrẹ̀ wá. Gọ́tà náà gbẹ táútáú láti òkè dé ilẹ̀, àfi ìwọ̀nba tí ń ti balùwẹ̀ tirẹ̀ wá. Bí Kọmíṣọ́nnà bá gé rìbọ́ọ̀nù tí gọ́tà ò sì pọ omi, ó di kí ẹlòmíràn máa gbé inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbàdàn.

Bó ti ń ro èyí lọ́wọ́ ni afẹ́fẹ́ gbé òórùn aró wá láti ìdí ọjà.

Ẹ̀gbẹ́ ọjà lókè ni ìdí aró wà. Àwọn obìnrin tí ń re aṣọ níbẹ̀ ní ìkòkò ńláńlá tí wọ́n ri mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ló sì wà nínú wọn. Wọn kì í da aró nù. Bó bá rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀lú àti omi eérú kún un, èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìyá aró, á sì kọ́ tuntun níṣẹ́. Èyí tó wà nínú ìkòkò Àsíátù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ràmọ́nì, ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú, ẹnì kan ló sì fi lé ìyẹn náà lọ́wọ́. Àwọn ahunṣọ máa ń kó òwú ẹtù wá láti Ìsẹ́yìn fún obìnrin yìí, nítorí dúdú tirẹ̀ kì í ṣí.

Ọ̀gá Ládòkun rí ìkòkò tó kún fún omi. Ó padà sí ọ́fíìsì, ó mú kálámù. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Mọ́nsúrù ka ìtumọ̀ tuntun: "Omi Ẹ̀gbin ni omi èyíkéyìí tí àwọ̀ rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí ti omi òjò. Dandan ni kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ní ìkáwọ́ gbé e lọ dà sínú Gọ́tà Àgbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Kọmíṣọ́nnà bá dé."

"Ó yé wa, Aláṣẹ," ni gbogbo ọjà wí.

Baba àgbẹ̀ kan nawọ́. "Ọ̀gá, ẹ̀kọ mímu ńkọ́? Àwọ̀ rẹ̀ ò jọ tòjò."

Ọ̀gá Ládòkun ronú. "Bó bá ṣì ń gbóná, oúnjẹ ni. Bó bá ti tutù, ẹ̀gbin ni."

"Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọbẹ̀ tó bá ní ìdérí kò sí lábẹ́ òfin yìí."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Òkè-Ààyán ti ń yára jẹun.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ìdí aró kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Àsíátù ló ṣáájú wọn lọ sí ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀ tàgbàtàgbà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa. Aró kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń dà nù. Ohun tí a fi ń jẹun ni. Ibẹ̀ ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi. Bí a bá dà á, níbo la ti máa rí ìyá rẹ̀?"

"Ìyá Ràmọ́nì," Ọ̀gá Ládòkun wí, kò wo ojú rẹ̀, "àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó dúdú, Ọ̀gá. Aró ni."

"Òórùn rẹ̀ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó lè parọ́ nípa òórùn aró.

"Ẹ̀gbin ni," Ọ̀gá Ládòkun wí. "Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, òfin ni."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Kọmíṣọ́nnà, àwọn wolé-wolé ṣí ìdérí irin tó wà lórí Gọ́tà Àgbà lókè, wọ́n sì dúró tì í. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbá gbọ́n aró wọn, wọ́n ń dà á sínú ihò. Nígbà tó kan Àsíátù, ó dà á títí ó fi kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ eérú tó ki. Ó yíjú sí wolé-wolé tó dúró tì í, ó ní, "Èyí náà ńkọ́?" Ìyẹn ní kó dà á, òfin ò yọ ọ́ sílẹ̀. Àsíátù da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, gbogbo àwọn yòókù sì da tiwọn. Lẹ́yìn náà ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò òfìfo, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú dé ìgúnpá lé itan, ó ń wò ó. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo mọ̀ pé ìtàn ẹ̀rín ni mò ń sọ, àmọ́ ibẹ̀ yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ni Kọmíṣọ́nnà dé, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ aṣọ funfun báláú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá Ládòkun wọ agbádá funfun tirẹ̀, èyí tó rà sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọn yóò mú un lọ sí Ìbàdàn. Ó dúró létí odò, ó tú ohùn ikùn sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ayé," ló wí, "ni omi ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Ó ń ṣàn síbi tí kò yẹ, ó ń dúró níbi tí wọn ò pè é sí. Àwọn baba ńlá wa wò ó, wọn ò lè mú un. Àwọn òyìnbó mú un, wọn ò ṣàlàyé ara wọn fún un. Lónìí, ní Òkè-Ààyán, omi ti mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ ilé tó ti jáde, ó sì mọ ọ̀gá rẹ̀."

"Ó yé wa, Aláṣẹ," ni àwọn èrò wí.

Kọmíṣọ́nnà gé rìbọ́ọ̀nù. Gbogbo ojú wo àwo irin. Ẹ̀kán omi dúdú kan yọ lójú lẹ́tà àkọ́kọ́, ó rọ̀, ó jábọ́. Òmíràn ò tẹ̀ lé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ṣàn dé ìdí àwo náà, ó sì ti dí gbogbo ihò orúkọ Ọ̀gá Ládòkun pa látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn rẹ̀ nínú páìpù, gbogbo aró Òkè-Ààyán dúró, ó ń wá ọ̀nà.

"Omi náà ń bọ̀, sà," Mọ́nsúrù sọ fún Kọmíṣọ́nnà. "Ìbọ̀wọ̀ fún àlejò ni kò jẹ́ kó sáré."

Kọmíṣọ́nnà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àkókò ìrun Àlàásárì ti tó, níbo lòun ti lè ṣe àlùwàlá?

Ojú Ọ̀gá Ládòkun tún là. Bí gọ́tà bá kọ̀, balùwẹ̀ ò ní kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú Kọmíṣọ́nnà sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, ó gbé búútà omi lé e lọ́wọ́, ó sì dúró tì í kó lè gbọ́ bó bá yin balùwẹ̀ náà. Kọmíṣọ́nnà fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó pa orí. Ó ká ṣòkòtò sókè láti fọ ẹsẹ̀. Nígbà náà ni ihò tó wà nílẹ̀ gbin lẹ́ẹ̀kan, ó sì pọ aró.

Kò pọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó yọ dúdú, ó ń hó, òórùn rẹ̀ sì kún gbogbo ilé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ Kọmíṣọ́nnà. Ọ̀gá Ládòkun fi ọwọ́ dí ihò náà, kò dí. Ó ká agbádá, ó sì jókòó lé e lórí. Ó dí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni aró bá gba inú ṣáláńgá òyìnbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jáde, ó gba èjìká rẹ̀ ṣàn wá sílẹ̀, ó sì lé Kọmíṣọ́nnà gun àtẹ̀gùn dé pálọ̀.

"Bàbá Àríyọ̀," Mọ́ládé ìyàwó Ọ̀gá Ládòkun pe ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ tutù, "ṣé ẹ ó dìde níbẹ̀, àbí kí n gbé oúnjẹ yín wá?"

Kọmíṣọ́nnà jókòó nínú pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi kànìnkànìn ha á. Dúdú Àsíátù kì í ṣí. Aró ń ṣàn kọjá lábẹ́ àga, ó ń gba ẹnu ọ̀nà jáde sí ojú títì, níbi tí gbogbo ìlú dúró sí.

"Ẹ ka òfin yín fún mi," Kọmíṣọ́nnà wí.

Mọ́nsúrù gbé ohùn ọjọ́ ọjà sókè. Ó ka Omi Ẹ̀gbin, omi tí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Kọmíṣọ́nnà wo ilẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo imú.

"Ó yé wa, Aláṣẹ," ni àwọn ará ìta wí.

Mọ́nsúrù ka Ilé.

"Ilé ta nìyí?" Kọmíṣọ́nnà bèèrè.

"Ilé mi ni, sà," Ọ̀gá Ládòkun wí, "ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan ni wọ́n..."

"Ẹ máa kà á lọ."

Mọ́nsúrù ka Olùda-omi. Ó kà á dé ìbáà ṣe ẹlòmíràn, ó kà á dé ìbáà ṣe ọ̀run. Nígbà tó kan ibi tí wọn kò ti ní gbọ́ àwáwí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó wo ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lágbedeméjì. Ó kà á tán, ó sì ka ti òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló kọ èyí?" Kọmíṣọ́nnà bèèrè.

Ọ̀gá Ládòkun ò lè má dáhùn. Òun ló fẹ́ràn gbólóhùn náà jù. "Èmi ni, sà."

"Ó dára. Ó yéni dáadáa." Kọmíṣọ́nnà dìde, ó gbé bàtà rẹ̀ dání. Ó kọjá láàárín èrò pẹ̀lú ẹsẹ̀ aró, ó wọ ọkọ̀, ó sì lọ. Mọ́nsúrù ló ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ náà fún un, ó sì bá a wọ̀ ọ́ lọ sí Ìbàdàn. Mo gbọ́ pé ó ṣì ń fi orí gbà pé bẹ́ẹ̀ ni lọ́hùn-ún.

Nígbà tí Ògúndìran tú àwo irin kúrò, omi inú páìpù ṣàn lọ sódò, ṣùgbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti dí ihò balùwẹ̀ tó wọlẹ̀ gan-an náà, ó sì kún dẹ́nu síbẹ̀, aró àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Ládòkun pé kó wá sí Ìbàdàn wá rojọ́. Kò fẹ́ lọ nínú aṣọ yẹpẹrẹ. Agbádá ńlá náà sì rèé, apá kan funfun, apá kan dúdú, ìdí rẹ̀ rí rádaràda. Kò sí ọṣẹ tó lè dá a padà sí funfun. Ohun tó kù ni kí wọ́n re gbogbo rẹ̀ dúdú. Ó gbé e wọ̀, ó fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ sí ìdí aró.

Àsíátù jókòó níbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ìkòkò ṣófo.

"Ìyá Ràmọ́nì, ẹ kú ìjókòó," ló wí. "Ẹ dákun, ẹ bá mi re agbádá yìí."

Àsíátù wò ó tẹ̀sẹ̀ torí. "Kí n fi kí ni re é, Ọ̀gá? Ọwọ́ mi nìyí. Ìkòkò nìyí. Gbogbo aró tó kù nílùú yìí, ilé yín ló wà."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó mú igbá ńlá kan nílẹ̀, ó nà án sí i.

Ọ̀gá Ládòkun wo igbá náà. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kò sí wolé-wolé kankan, kò sí Mọ́nsúrù. Ó gba igbá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé, ó wọ balùwẹ̀, ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kún un, ó gbé e rù, ó sì gun òkè padà. Kò bọ́ agbádá. Àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀ kì í ru ẹrù láìwọ agbádá. Igbá ń mì, aró ń dà sí i léjìká, ó ń ṣàn dé àyà, dé apá, dé etí aṣọ. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Àwọn tó wà lọ́jà yà fún un lọ́nà, wọn ò fi í ṣẹ̀sín. Bó bá ṣe ń kọjá ni wọ́n ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Ó yé wa, Aláṣẹ."

Nígbà tí ìyá aró padà dé ìdí ìkòkò Àsíátù dáadáa, obìnrin náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ó ṣì wà láàyè.

"Ẹ wá bá mi re agbádá náà," Ọ̀gá Ládòkun wí.

Àsíátù yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Kò sí ibi funfun kankan níbẹ̀ mọ́.

"Ó ti mu aró, Ọ̀gá," ló wí. "Ẹ lọ sá a."